Ìgbà Wo Ni Kí N Gbìn Ín? Ìbéèrè Yín Lórí Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Lẹ́tà tó wọlé sí ojú ewé yìí láàárín oṣù mélòó kan tó kọjá pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tú gbogbo wọn palẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ìgbà wo gan-an ni ó yẹ kí a gbin èyí, ìgbà wo ni ó yẹ kí a gbin tọ̀hún? A yan márùn-ún nínú wọn, gbogbo wọn láti Ìpínlẹ̀ Èkìtì, nítorí òjò Èkìtì ni ọwọ́ wa mọ̀ jù. Èmi kò sì mọ bí ẹni tó ń gbé ibi tí odó kì í sinmi ṣe lè máa ra gbogbo ẹ̀fọ́ tí yóò fi jẹ iyán nígbà tí ilẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lásán.

Ìyá Ìbejì láti Adó-Èkìtì kọ̀wé pé: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Òjò ńlá kan rọ̀ ní àdúgbò wa lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Inú mi dùn, mo sì gbin ilá, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n hù dáadáa. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òjò kò fi rọ̀ mọ́, ohun gbogbo sì gbẹ. Aládùúgbò mi tó gbin tirẹ̀ lẹ́yìn mi ti ń jẹ ilá báyìí. Ṣé ọwọ́ mi ni kò dára ni, àbí ìgbà tí mo gbìn ín?

Ìdáhùn: Ọwọ́ yín kò ní àbùkù kankan, Ìyá Ìbejì. Òjò ló tàn yín. Ilẹ̀ tí oòrùn ti ń sá láti oṣù kọkànlá ti gbẹ wọnú, òjò àkọ́kọ́, bó ti wù kó pariwo tó lórí páànù, òkè ilẹ̀ nìkan ló máa ń rin. Irúgbìn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rí ọ̀rinrin díẹ̀, yóò hù, yóò na gbòǹgbò sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni yóò sì ti bá ilẹ̀ gbígbẹ pàdé.

Lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń di àárín oṣù kẹrin kí ó tó máa rọ̀ léraléra débi tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni yóò máa le sí i títí di oṣù kẹfà àti oṣù keje. Yóò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ìparí oṣù keje tàbí nínú oṣù kẹjọ. Yóò tún fi agbára padà ní oṣù kẹsàn-án, kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Kì í sì í rí bákan náà káàkiri. Àwọn ará Ìkéré, Ìṣẹ̀ àti Ẹmùré, tí wọ́n wà ní ìhà igbó ní gúúsù, sábà máa ń rí òjò tó dúró ṣáájú àwọn ará Òmùò àti Ọ̀tùn, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, òjò tọ̀hún a sì tún máa tètè lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi ní fún yín ní ọjọ́ kan pàtó tí ẹ ó máa fi ìka tọ́ka sí lórí kàlẹ́ńdà.

Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí. Lẹ́yìn òjò, mo máa ń fi ọkọ́ gbẹ́ ihò kékeré kan, mo sì máa ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ọ̀rinrin kò bá jìn tó láti orí ìka àárín dé ọrùn ọwọ́ mi, mo máa ń da erùpẹ̀ padà, mo sì máa ń lọ jókòó. Bó bá jìn tó bẹ́ẹ̀, tí òjò mìíràn sì rọ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà náà ni mo máa ń gbé irúgbìn jáde, ìdajì rẹ̀ péré ni mo sì máa ń gbìn. Ìdajì kejì wà fún ọjọ́ tí òjò bá tún já mi kulẹ̀, nítorí ó ti já mi kulẹ̀ rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nínú ohun tí ẹ gbìn, àgbàdo àti ilá lè fara da ìdádúró òjò fún ìwọ̀nba ọjọ́, nítorí hóró wọn tóbi, a sì máa ń rì í sínú ilẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gúsí náà lè bá wọn jáde. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni kò lágbára yẹn: hóró rẹ̀ kéré bí iyanrìn, ojú ilẹ̀ ni ó máa ń wà, ọjọ́ méjì tí oòrùn bá mú gan-an sì tó láti run gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ dúró di ìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, tàbí kí ẹ gbìn ín síbi tí ẹ ti lè máa bomi rin ín.

Ní ti aládùúgbò yín, irú ilá kúkúrú tí wọ́n ń tà lóde báyìí máa ń lo bí ọjọ́ 50 sí 60 kí ó tó ní èso tí a lè já. Ẹ ka ọjọ́ yẹn sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ já ilá sínú ìkòkò, ẹ ó sì mọ ọjọ́ tí ó gbìn ín láìjẹ́ pé ẹ bi í léèrè. Ẹ rántí ìṣirò yìí, nítorí òun ni mo fẹ́ fi dá ẹni tó kàn lóhùn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, láti Ìkọ̀lé-Èkìtì, kọ̀wé pé: Olóòtú ọ̀wọ́n, láti ọdún mẹ́ta tí mo ti padà sílé ni mo ti ń gbin tòmátì àti ata rodo pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan yòókù nínú oṣù kẹrin. Tòmátì náà máa ń dára títí tí yóò fi yọ òdòdó. Bó bá wá di oṣù kẹfà, ewé ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ojú dúdú dúdú, á gbẹ, èso á sì jẹrà kí ó tó pọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n á kàn rọ lójijì láàárín ọjọ́ méjì, tí ewé wọn kò sì pọ́n rárá. Mo ti fọ́n oògùn títí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó oògùn, Bàbá. Nǹkan méjì ló ń bá yín jà, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà tí ẹ ń gbìn ín.

Tòmátì fẹ́ràn omi nídìí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹ lórí. Òjò tó bá ń lu ilẹ̀ á máa ta ẹrẹ̀ sókè sára ewé ìsàlẹ̀, inú ẹrẹ̀ yẹn ni àrùn tó ń fi ojú dúdú sára ewé ń gbé, bí ewé bá sì wà ní tútù láti àárọ̀ di alẹ́, àrùn náà yóò máa gun òkè lọ títí yóò fi dé ara èso. Gbogbo àgbẹ̀ ló ń bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni òjò ń bẹ̀rẹ̀. Fún tòmátì, ìbéèrè tó yẹ ni pé níbo ni òjò yóò wà nígbà tí èso bá fẹ́ pọ́n. Èyí tí ẹ bá gbìn sójú ilẹ̀ nínú oṣù kẹrin, oṣù kẹfà àti oṣù keje ni yóò máa so, ìyẹn nígbà tí òjò máa ń le gan-an. Ẹ ti rìn pàdé ìjà náà lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ìgbà tí a fẹ́ kí tòmátì máa pọ́n ni oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá, nígbà tí òjò ti lọ, tí oòrùn mọ́lẹ̀ kedere, tí alẹ́ sì ti ń tutù, nítorí alẹ́ tó bá tutù díẹ̀ máa ń jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ di èso ju alẹ́ tó bá gbóná lọ. Láti ìgbà tí a bá ti ṣí ọmọ tòmátì láti nọ́sìrì, ìyẹn ibi kékeré tí a ti kọ́kọ́ ń tọ́ irúgbìn, lọ sí ojú bẹ́ẹ̀dì tí yóò ti so, yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá kí èyí àkọ́kọ́ tó pọ́n. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò nínú ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, a ti wà ní ìparí oṣù kẹjọ. Nọ́sìrì fúnra rẹ̀ yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nítorí náà, ìparí oṣù keje ni kí ẹ fọ́n irúgbìn sí nọ́sìrì, lábẹ́ ìbòrí imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ gbé ga díẹ̀ kí òjò má baà fọ́n ọn ká. Ìdáwọ́dúró òjò nínú oṣù kẹjọ yóò bá àwọn ọmọ náà níbẹ̀, yóò sì ṣe wọ́n lóore. Òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá yóò tọ́ wọn dàgbà láìjẹ́ pé ẹ gbé garawa. Bí òjò bá sì ti ń lọ ni èso yóò máa yọ. Àwa ará Adó lè fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ síwájú, ṣùgbọ́n òjò Ìkọ̀lé kì í pẹ́ tó tiwa, ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù keje parí mọ́ yín lọ́wọ́.

Láti ìparí oṣù kẹwàá, ẹ ó ní láti máa bomi rin ín. Ìdí ni kí ẹ máa da omi sí, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ tún máa yẹ ewé wò, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ọ̀tá tirẹ̀: kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta, tó máa ń jẹ inú ewé débi tí ewé á dà bíi pé wọ́n fi iná jó o. Òun ló ba oko tòmátì Kàdúná àti Kánò jẹ́ ní 2016, tí owó tòmátì fi fò sókè dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ewé tí ẹ bá ti rí ipa rẹ̀ lára rẹ̀, ẹ já a, kí ẹ sun ún; ẹ má jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

Mo mọ̀ pé ẹ óò sọ pé tòmátì oṣù kọkànlá kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, níwọ̀n bí èyí tó ń ti òkè Ọya wá yóò ti fẹ́ kún ọjà, pé ìgbà òjò tó wọ́n ni ẹ fẹ́. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ tòmátì ọgbà rẹ̀ nínú oṣù keje gbọ́dọ̀ na ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e lórí bí òrùlé, kí ó fi ọ̀pá gbé e dúró, kí ó sì máa gé ewé ìsàlẹ̀ kúrò. Fún ìdí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nílé, kò le jù. Fún ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti àwọn tó ń rọ lójijì láìpọ́n. Ẹ gé igi ọ̀kan nínú wọn nítòsí ilẹ̀, kí ẹ gbé ojú ibi tí ẹ gé dúró nínú ife omi tó mọ́ gaara fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ẹ bá rí ohun funfun kan tó ń yọ jáde bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sínú omi náà, àrùn inú ilẹ̀ ni, kò sí oògùn tí ẹ lè fọ́n sí i, ìyípadà oṣù kò sì lè wò ó. Ibi tí ẹ ti rí i, ẹ má gbin tòmátì, ata, ìkàn tàbí ọ̀dùnkún òyìnbó síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n, ohun tó pa ọ̀kan yóò pa èkejì. Àgbàdo àti ẹ̀fọ́ ni kí ẹ fún ibẹ̀. Tòmátì yín lè lọ sínú àpò tí ẹ bu erùpẹ̀ ibòmíràn sí.

Ata rodo rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní nọ́sìrì, ó sì ń lo bí oṣù mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó pọ́n, ṣùgbọ́n kò bínú sí òjò tó tòmátì, bí omi kò bá ti dúró sí ìdí rẹ̀. Ẹ lè fọ́n ọn sí nọ́sìrì ní àárín oṣù kẹta pẹ̀lú omi kànga, kí ẹ ṣí i lọ sórí ebè ní ìparí oṣù kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Bí ẹ bá ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ óò máa já a títí di ọdún tó ń bọ̀.

Agùnbánirọ̀ kan ní Ìfàkì-Èkìtì kọ̀wé pé: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Yàrá kan ni mo gbà, kò sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n onílé gbà kí n gbé àpò mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Oṣù kọkànlá ni mo dé. Gbogbo ènìyàn ní ìgbà ọ̀gbìn ti kọjá, pé kí n dúró de òjò. Kí òjò tó fìdí múlẹ̀, n óò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìdajì ọdún tí mo fẹ́ lò níbí. Kànga ilé wa sì máa ń gbẹ ní àárín oṣù kejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ.

Ìdáhùn: Má dúró de òjò, àbúrò. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò ní ìgbà, omi ló ní. Àwọn tó ń dá oko àkùrọ̀ létí odò mọ èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n sì ni wọ́n fi ń rí owó. Àrùn ewé kò tilẹ̀ pọ̀ nígbà náà.

Gún ihò sí ìdí àpò kọ̀ọ̀kan. Po erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí kò rùn mọ́. Èyí tó bá ṣì ń rùn yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí pé hóró tẹ̀tẹ̀ kéré jù, pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí o tó fọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú kan ni gbogbo rẹ̀ yóò hù sí. Fọ́n ọn sínú àpò méjì lónìí, méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, méjì tó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, àwọn àkọ́kọ́ yóò tó já, ìwọ yóò sì máa rí ẹ̀fọ́ ní àtẹ̀léra dípò kí gbogbo rẹ̀ gbó lọ́jọ́ kan náà. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, bomi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí o sì gbé e síbi tí ògiri yóò ti ṣíji bò ó ní ọ̀sán. Ṣọ́ tata: àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀, bí wọ́n bá sì bà sínú àpò kan, igi lásán ni ìwọ yóò bá nínú rẹ̀ láàárọ̀.

Ní ti kànga, ka ọjọ́ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á fún Bàbá Ìkọ̀lé. Bí omi yóò bá tán ní àárín oṣù kejì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni kí o fọ́n irúgbìn kẹ́yìn. Ohun tí o bá fọ́n lẹ́yìn ìyẹn, omi tí o fẹ́ mu ni yóò máa bá ọ dù.

Ìyá oníyàrá ìkàwé kan láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọ̀wé pé: Mo gbin ewédú ní oṣù karùn-ún, ó ga, ewé rẹ̀ gbòòrò. Mo gbin irúgbìn kan náà ní oṣù kẹwàá sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, mo sì ń bomi rin ín dáadáa. Kò tíì ga ju orúnkún lọ tó ti yọ òdòdó, ewé rẹ̀ sì wẹ́wẹ́. Ṣé wọ́n ta irúgbìn burúkú fún mi ni?

Ìdáhùn: Irúgbìn yín dára. Gígùn ọ̀sán àti alẹ́ ni ewédú ń wò. Láti ìparí oṣù kẹfà ni alẹ́ ti ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé àwa kì í kíyè sí i, ṣùgbọ́n ewédú ń kíyè sí i, bí alẹ́ bá sì ti gùn, yóò rò pé ọdún ti parí, yóò sáré yọ òdòdó kí ó lè ní hóró. Ṣọkọ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹrin títí di oṣù keje ni ewédú ń fúnni ní ewé jù. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fọ́n ọn kí ó sún mọ́ra gan-an, kí ẹ sì fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò bó bá ti ga tó ṣíbí ìdáná, kí ó tó rántí òdòdó. Ẹ sì jẹ́ kí díẹ̀ gbó fún irúgbìn.

Bí ewédú yín kò bá hù dáadáa, ẹ di hóró rẹ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ kà láti oókan dé àrùn-ún, kí ẹ sì yára gbé e sínú omi tútù. Èèpo rẹ̀ le. Omi gbígbóná ló ń là á. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi ti fi se ọbẹ̀ nìyẹn.

Bàbá kan láti Ìkéré-Èkìtì kọ̀wé pé: Ọmọ mi kó ọ̀gbìn inú ọ̀rá wá fún mi láti Ìbàdàn: ọsàn mẹ́ta, máńgòrò kan àti píà méjì. Ó ní irú èyí tí wọ́n lẹ̀ ni, tí wọ́n fi ẹ̀ka igi kan lẹ̀ mọ́ ìdí òmíràn, pé kì í pẹ́ so. Ó fẹ́ kí a gbìn wọ́n kí ó tó padà, oṣù kọkànlá sì ni a wà yìí. Ọkàn mi kò gbà. Pulọ́ọ̀tì kan ni ilẹ̀ mi, ilé ti gba ìdajì rẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i, mo sì fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbálùmọ̀ pẹ̀lú.

Ìdáhùn: Ọkàn yín ló tọ̀nà, Bàbá. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé a kí i, pé ó ra ohun tó dára, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí wọ́n wà nínú ọ̀rá wọn, lábẹ́ ìji igi, kí a máa bomi rin wọ́n títí òjò yóò fi dé. Igi eléso kò dà bí ẹ̀fọ́ tí yóò lọ lóṣù méjì. Ohun tó fẹ́ ni kí gbòǹgbò rẹ̀ rí òjò gbogbo ọdún kan mu kí ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tó bá a. Láti ìparí oṣù kẹrin sí ìparí oṣù kẹfà ni kí ẹ gbìn wọ́n. Oṣù keje ṣì ṣeé ṣe. Ohun tó bá ti kọjá oṣù kẹjọ, ẹ̀yin ni ẹ óò jẹ́ òjò fún un.

Iṣẹ́ wà tí ẹ lè ṣe báyìí o. Ìlú yín jókòó sáàárín àpáta, Òkè Olósùnta ṣáà ń wò yín láti òkè, nítorí náà ẹ gbẹ́ ihò yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí kí ẹ lè mọ ibi tí òkúta wà lábẹ́ ilẹ̀ kí ọjọ́ ọ̀gbìn tó kò. Kí ihò kọ̀ọ̀kan jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ya erùpẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, ẹ pò ó mọ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà, òun ni ẹ óò dà padà. Máńgòrò fẹ́ mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí igi mìíràn àti sí ògiri ilé. Ọsàn fẹ́ bíi mẹ́fà. Píà fẹ́ bíi méje. Ẹ̀yin fúnra yín ti rí i pé ìdajì pulọ́ọ̀tì kò lè gba igi mẹ́fà. Bó bá jẹ́ tèmi ni, máńgòrò ni mo máa fi ta ẹbí lọ́rẹ.

Píà kò fẹ́ ibi tí omi ń dúró sí. Mo gbin tèmi síbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà kọjá, mo rò pé mo ń ṣe é lóore, ó sì dàgbà dáadáa fún ọdún kan. Nígbà òjò kejì ni gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà tí ó sì kú lórí ìdúró. Ibi tó ga ni kí ẹ wá fún un.

Bí ẹ bá ń gbin wọn, ẹ wo ibi tí wọ́n ti lẹ ẹ̀ka mọ́ ìdí. Ó máa ń dà bí oríkèé tó wú. Ó gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀ dáadáa, ẹ̀ka yòówù tó bá sì yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gé e dànù, nítorí igi ìdí lásán ni, kì í ṣe ọsàn tí ẹ rà. Ọsàn àti máńgòrò tí wọ́n lẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí èyí tí a gbìn láti inú hóró lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ti àgbálùmọ̀ yàtọ̀. Hóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí a bá ti jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti máńgòrò àti píà, nítorí náà ìgbà tí a ń jẹ èso ni ìgbà tí a ń gbin hóró rẹ̀. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin ni àgbálùmọ̀ ń wà lọ́jà; ẹ yan èyí tó dùn, ẹ fọ hóró rẹ̀, kí ẹ sì fi sínú ọ̀rá tí ẹ bu erùpẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. Nínú òjò ọdún kejì ni yóò tó ṣí lọ sójú ilẹ̀. Èso rẹ̀ yóò pẹ́ púpọ̀. Ẹ gbìn ín fún àwọn ọmọ ọmọ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni yóò mú ẹnu yín jẹ nǹkan láìpẹ́. Ẹ wá ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà, kí ẹ gbìn ín ní ìparí oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún, kí mítà mẹ́ta wà láàárín wọn. Yóò lo bí oṣù mẹ́wàá sí méjìlá kí ẹ tó bẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ka oṣù náà síwájú, ẹ óò rí i pé ìgbà tí ìdì èso rẹ̀ bá wúwo jù ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò máa jà. Ẹ tọ́jú igi olórí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi tì í lọ́rùn ní oṣù kejì, kí àwọsánmà tó ṣú.